Orúkọ Àbíkú: Ohun Tí Ó Sọ àti Ohun Tí Ó Fi Pamọ́

 

Nígbà tí a bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò ní kíláàsì, àlọ́ tàbí òwe ni a sábà máa ń mú. Lónìí, orúkọ ni mo mú wá. Kì í ṣe gbogbo orúkọ. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a gbà pé ó jẹ́ àbíkú ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Orúkọ náà kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí a ti ń ṣe aṣọ lọ́jà. A ó tẹ́ ẹ sí ojú oòrùn. A ó wo ibi tí ó dára, a ó sì wo ibi tí ó ya.

Ìdáhùn ìyá kan

Ní ọjọ́ kan ní Sakẹ́tẹ́, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ orúkọ àbísọ wọn, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 22 ni ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ka ìwé wọn, mo rí i pé 5 nínú wọn ń jẹ́ orúkọ àbíkú.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta gàrí, pé: "Ìyá, ọmọ mélòó ni ó kú ṣáájú yín?" Kò ronú rárá. Ó ní: "Mẹ́rin ni." Mo tún bi í pé: "Kí ni ó pa wọ́n?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ó ní: "Olùkọ́, ṣé o kò rí orúkọ mi ni? Àbíkú ni wọ́n."

Ìdáhùn yìí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà. Ìyá náà dáhùn ìbéèrè kìíní dáadáa. Kò dáhùn ìkejì, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun ti dáhùn rẹ̀.

Ibi tí aṣọ náà ti dára

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin àwọn tí ó dá orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Mo pín àwọn orúkọ náà sí ọ̀nà mẹ́rin.

Oríṣi kìíní ń bẹ̀bẹ̀. Málọmọ́ ní: má lọ mọ́. Dúrójayé ní: dúró, kí o jẹ ayé. Bánjókòó ní: bá mi jókòó. Dúrósinmí ní: dúró, kí o sin mí. Ẹ wo ọgbọ́n inú Dúrósinmí yìí. Ìyá tí ó sọ ọ́ kò bẹ̀bẹ̀ pé kí òun má kú. Ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ikú tò bí ó ti yẹ kí ó tò: kí òbí lọ ṣáájú, kí ọmọ ṣe òkú rẹ̀.

Oríṣi kejì ń bú ọmọ. Ààtàn ni ibi tí a ń da pàǹtí sí. Akísàátán ní: àkísà tí a ó fi dì ọ́ ti tán. Kòsọ́kọ́ ní: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ìyá kórìíra ọmọ rẹ̀. Ó ń fi èébú bo ọmọ náà mọ́lẹ̀ kí ikú má baà rí i bí ohun tí ó níye lórí. Ẹ má sì rò pé orúkọ tálákà ni. Ọba kan jẹ ní Èkó láti 1845 títí di 1851 tí ó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ikú ọmọdé mọ ọ̀nà ààfin.

Oríṣi kẹta ń fọ́nnu. Ikúkọ̀yí ní: ikú kọ èyí. Igbókọ̀yí ní: igbó kọ èyí. Igbókọ̀yí tún pa àṣà kan mọ́ fún wa. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé wọn kì í sin àbíkú sí ilé, inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ.

Oríṣi kẹrin kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fọ́nnu. Kásìmáawòó ní: ká ṣì máa wò ó. Ìyá yìí ti yọ̀ rí, ayọ̀ náà sì dójú tì í. Kò fẹ́ tètè yọ̀ mọ́.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ dáadáa ni. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀tàn wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ wà níbẹ̀. Ó tún ní èrè mìíràn. Bí ẹ bá kó orúkọ gbogbo ará agbo ilé kan jọ, ẹ ó mọ ibi tí ikú ti wọlé jù. Àwọn baba wa kọ ìwé ikú sí ara ènìyàn kí bébà tó dé. Ikán kò jẹ ìwé náà, òjò kò sì pa á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìyá ẹlẹ́gàárí fi lè sọ pé "Mẹ́rin" láìronú.

Ibi tí aṣọ náà ti ya

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn aṣọ náà. Orúkọ náà sọ fún wa pé ikú wá. Kò sọ irú ikú tí ó wá. Ó sọ iye, kò sọ ìdí. Èyí tí ó burú jù ni pé ó di ẹ̀bi ru ọmọ. Ó ní ọmọ náà ni ó fẹ́ lọ, òun ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀daràn bá ti wà lọ́wọ́, ta ni yóò tún wá ọ̀daràn mìíràn kiri?

Ẹ rántí òwe wa: Àbíkú sọ olóògùn di èké. A máa ń lo òwe yìí láti bú àbíkú. Èmi kà á lọ́nà mìíràn. Mo rò pé òwe náà ń jẹ́rìí fún olóògùn. Orúkọ kan ni wọ́n fún un, àìsàn sì pọ̀. Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kan, báwo ni yóò ṣe ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta?

N kò sọ èyí láti bú àwọn àgbà. Èmi náà ń jẹ́ orúkọ àbíkú. Dúrójayé ni ìyá mi sọ mí. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí ṣáájú mi ní ẹ̀bá Pobẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú. Láti kékeré, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ nípa wọn. Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni mo tó jókòó ti ìyá mi ní ọjọ́ kan. N kò bi í pé kí ni ó pa wọ́n. Mo bi í ní ohun mẹ́ta: Ọmọ náà ti tó ìgbà wo nígbà tí ó kú? Àsìkò wo nínú ọdún ni? Kí ni ẹ fi ojú yín rí?

Ó sọ ti èkíní. Wọ́n bí i láyọ̀. Ó ké, ó mu ọmú. Ọ̀bẹ ilé ni wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnu rẹ̀ kò là mọ́, kò lè mu ọmú. Ara rẹ̀ le bí igi. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ a gan. Ó kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.

Ó sọ ti èkejì. Ìyẹn ti pé ọdún méjì, ó ti ń sáré kiri. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́, nǹkan wẹ́wẹ́ sú bo gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìgbẹ́ gbuuru dé. Ìyá mi fúnra rẹ̀ rántí pé ọmọ méjì mìíràn kú nínú agbo ilé náà ní oṣù kan náà, pẹ̀lú ara sísú kan náà. Mo bi í pé: "Ṣé àbíkú ni àwọn méjì yẹn?" Ó ní: "Rárá. Ìyá wọn kò sin ọmọ rí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Àìsàn kan náà, oṣù kan náà, agbo ilé kan náà. Ọmọ kan di àbíkú, àwọn méjì kò di àbíkú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ohun tí ó ṣe ọmọ. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ.

Ó sọ ti ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó di ọmọ oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí a bá gbé e, yóò ké. Funfun ojú rẹ̀ dà bí ìyeyè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì í bí ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Yóò yá, yóò tún ṣubú lulẹ̀ ní oṣù kejì. Kò pé ọdún kan àbọ̀ tí ó fi kú.

Mo mú ìtàn mẹ́ta yìí lọ bá nọ́ọ̀sì kan. N kò dárúkọ àbíkú níbẹ̀. Ó ní òun kò lè búra lórí òkú tí òun kò rí. Ṣùgbọ́n ó ní èkíní jọ tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ó máa ń gba ojú ìwọ́ wọlé nígbà tí irin tí a fi gé e kò mọ́. Ó ní èkejì jọ èèyi, tí wọ́n ń pè ní rougeole ní Faransé. Ó ní ẹ̀kẹta jọ arómọléegun, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose. Ó ní kí èmi náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo lọ. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé AS ni mí.

Mo padà sọ fún ìyá mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Kì í wá ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo sin."

Ṣé arómọléegun ni gbogbo rẹ̀?

Àwọn kan tí ó kàwé jù wá lọ lè sọ pé: "A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àbíkú, arómọléegun ni." Ní 1983, dókítà kan tí ń jẹ́ Onwubalili kọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù jáde. Ó ní arómọléegun lè jẹ́ àlàyé fún ìgbàgbọ́ àtijọ́ ní Nàìjíríà pé ọmọ tí ó kú ń padà wáyé.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí bàbá bá ní AS tí ìyá náà sì ní AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà yóò ní SS, èyí tí í ṣe arómọléegun. Ara bàbá le, ara ìyá le, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ń kú léraléra. Ilé kejì kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa rí èyí pẹ̀lú ojú wọn. Ojú wọn kò purọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni ó kùnà.

Ṣùgbọ́n ẹ mú bébà, kí a ṣírò ó pọ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1996 rí i pé nínú ọmọ 1000 tí a bí, 167 ni ó ń kú kí ó tó pé ọdún 5. Ẹ pa 167 yìí mọ́. Ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn 5 ni ó ní AS. Ẹ mú tọkọtaya 1000. Nínú àwọn ọkọ, 200 ní AS. Nínú ìyàwó àwọn 200 yìí, ẹnìkan nínú 5 ní AS: ó jẹ́ 40. Bí tọkọtaya 40 yìí bá bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan nínú 4 yóò ní SS: ó jẹ́ 10. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà, bíi C, tí ó lè bá S pàdé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ 10 di 20.

Bí gbogbo ọmọ 20 yìí bá tilẹ̀ kú, 147 ṣì kù. Kí ni ó pa àwọn 147 yìí?

Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó fi arómọléegun rọ́pò àbíkú níbi gbogbo ṣe àṣìṣe kan náà. Ó tún fi orúkọ kan bo ikú púpọ̀. Orúkọ ìgbàlódé ni, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni, ibi kan náà ni ó ti ya.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ 167 nínú 1000 jẹ́ nǹkan bí ẹnìkan nínú 6. Ẹ fún obìnrin 20 ní ọmọ ayò lúdò, kí olúkúlùkù jù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ẹlòmíràn kò ní rí ojú 1 rárá. Ẹlòmíràn lè rí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò fi í ré. Níbi tí ikú ọmọdé bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyá kan yóò sin ọmọ mẹ́ta, aládùúgbò rẹ̀ kò ní sin ọ̀kankan. Bí omi ilé bá tún dọ̀tí, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà, ọ̀rọ̀ náà yóò le sí i.

Ìwé kejì: iye àti ìdí

Ẹ ó bi mí pé: ta ni ó kọ́kọ́ ronú láti ka òkú jọ, kí ó sì wá ìdí ikú wọn? Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ kì í ṣe dókítà. Oníṣòwò ni. John Graunt ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta aṣọ àti ohun ìránṣọ wẹ́wẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìlú rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń tẹ ìwé kan jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó ń sọ iye ènìyàn tí ó kú àti ohun tí ó pa wọ́n. Àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n ń rán lọ wo òkú. Àwọn ènìyàn ń ka ìwé náà, wọ́n ń sọ ọ́ nù. Graunt kó ti ọdún púpọ̀ jọ, ó kà á pọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1662. Ó ṣírò ó pé nínú ọmọ 100 tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 36 ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 6. Ìyẹn burú ju tiwa ti 1996 lọ ní ìlọ́po méjì.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn arúgbó náà ní ó pa ènìyàn: eyín, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń sọ pé eyín ni ó ń ṣe ọmọ. Ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rá kiri, tí ó ń fi ohun tí ó bá rí sí ẹnu, tí ó ń jẹ oúnjẹ mìíràn mọ́ ọmú. Ìgbẹ́ gbuuru gba ibẹ̀ wọlé, eyín wá ru ẹ̀bi rẹ̀. Graunt kò gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ gbọ́. Ó mọ̀ pé arúgbó lè ṣì í, ó sì mọ̀ pé owó lè mú un fi ikú ìtìjú pamọ́. Ó ka ìwé náà, ó sì yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Ohun tí àwa náà ń ṣe lónìí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a bọ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn 1955, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ní Nàìjíríà. Ó mú ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, wọ́n ń kọ àìsàn tí ó ṣe é àti ìgbà tí ó ṣe é. Bí ọmọ bá kú, wọ́n ń wádìí.

Ìlú Yorùbá ni Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n mọ àbíkú bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé Morley kì í ṣe ohun kan. Èèyi wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ líle, àti àìjẹunrekánú tí ó ń la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lo páálí kan tí a ń fàlà sí bí ọmọ ti ń wúwo sí i. Ìyá ọmọ ni wọ́n sì fún ní páálí náà kí ó máa pa á mọ́ sí ilé. Irú àlà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ìlera tí wọ́n ń fún ọmọ yín lónìí. Bí àlà náà bá dúró tí kò gòkè mọ́, ìyá ti mọ̀ kí ikú tó mọ̀.

Ẹ padà wá sí Bẹ̀nẹ̀. Mo ní kí ẹ pa 167 mọ́. Ìwádìí 2001 rí 160. Ti 2006 rí 125. Ti 2017 sí 2018 rí 96. Láti ẹnìkan nínú 6, ó ti dín sí nǹkan bí ẹnìkan nínú 10. Ṣé àwọn àbíkú ni ó ronú pìwà dà? Rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ abúlé. Àwọn aboyún ń gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Irin tuntun ni a fi ń gé ìwọ́. Àwọn ọmọ ń sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìyá ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru. Olúkúlùkù nínú wọn ti ilẹ̀kùn kan. A kò lè ti ilẹ̀kùn tí a kò mọ̀ pé ó ṣí.

Ìwé kejì náà ní ibi tí ó ya

Bí mo ti yẹ orúkọ wa wò, ó tọ́ kí n yẹ ìwé àwọn oníwàádìí náà wò. Mo rí ibi mẹ́ta.

Èkíní, ìbéèrè wọn ń ti inú Faransé bọ̀. Wọ́n á ní fièvre, ẹni tí ó ń túmọ̀ á ní ibà. Ṣùgbọ́n ní ẹnu wa, gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Wọ́n á ní convulsions, ẹni náà á ní gìrì. Gìrì lè ti inú ibà líle wá, ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ àìsàn awọ ọpọlọ. Bí wọ́n bá bi ìyá mẹ́ta pé, "Ṣé gìrì ni?", àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ti kọ ikú mẹ́ta sí ojú ìlà kan. Kí ni ó yàtọ̀ sí àbíkú? Ó sàn kí wọ́n bi wá pé: Ṣé ẹnu rẹ̀ là? Ṣé ọrùn rẹ̀ le? Ọjọ́ kelòó ni ó bẹ̀rẹ̀?

Èkejì, iye náà jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. 96 kò mọ Sakẹ́tẹ́ yàtọ̀ sí Kútọnu, kò mọ ilé tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀dà yàtọ̀ sí ilé tí ó wà ní ẹ̀yìn odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń pa ọmọ ní abúlé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé abúlé tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí pé àwa àti àwọn oníwàádìí ni a jọ jẹ̀bi rẹ̀. Ọmọ tí ó kú kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ kò ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n bá bi ìyá rẹ̀ ní iye ọmọ tí ó bí, ó lè má kà á. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí 2017 sí 2018 rí i pé nínú ọmọ 96 tí ó ń kú yẹn, 30 ń kú kí oṣù kìíní tó pé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Orúkọ àbíkú kò rántí ọmọ wọ̀nyí fúnra wọn, ẹni tí ó bí lẹ́yìn wọn ni ó ń ru orúkọ náà. Bí ìyá kò bá sì dárúkọ wọn fún oníwàádìí, kò sí ibì kankan tí wọ́n wà.

Ìdájọ́ mi

Èmi kò ní kí ẹ ju orúkọ wọ̀nyí nù. N kò ní pa tèmi dà. Dúrójayé ń sọ ìfẹ́ ìyá mi, ó sì ń sọ ìrora rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ìwé ìjọba tí ó lè ṣe tó o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Àṣìṣe wa ni pé a gbé iṣẹ́ méjì fún òṣìṣẹ́ kan.

Iṣẹ́ kejì, tiyín ni, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ. Bí ikú bá wọlé, bí ẹkún bá ti rọlẹ̀, ẹ mú bíírò, kí ẹ kọ ohun mẹ́rin:

1. Orúkọ ẹni náà. Bí kò bá tíì ní orúkọ, ẹ kọ ọkùnrin tàbí obìnrin.
2. Ọjọ́ tí a bí i.
3. Ọjọ́ tí ó kú.
4. Ohun tí ẹ fi ojú yín rí: ibi tí ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó gbà, bí ara ṣe rí.

Ẹ má kọ àbíkú. Ẹ má kọ ayé. Ẹ má tilẹ̀ kọ ibà lásán. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ kà á sí etí nọ́ọ̀sì, nítorí ó lè gba ọmọ tí ó ń bọ̀ là. Ẹ lọ kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ní méérì, ìbáà jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fẹ́ ara yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó gbé ìyàwó. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Ìyá mi ti darúgbó báyìí, kò mọ ìwé. Mo ra ìwé kékeré kan, mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń sọ, mo ń kọ. Ìlà mẹ́ta ni mo kọ. Nígbà tí mo dé orí ti èkíní, mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ní wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ọmọkùnrin. Ọjọ́ mẹ́fà. Ẹnu rẹ̀ kò là mọ́." Ìyá mi ní kí n kà á sí etí òun. Mo kà á. Ó ní: "Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí."